Títẹ́ lámínéètì sórí ilẹ̀ bésìmẹ́ǹtì tó ń gbóná: àtẹ́sábẹ́ wo ni kí ẹ rà?

Ẹni tó bá ní ilé ní Maryland, ní Chicago, ní Minnesota tàbí ní Toronto mọ ohun tí bésìmẹ́ǹtì, ìyẹn yàrá abẹ́ ilé tó wọnú ilẹ̀, máa ń fi ojú ẹni rí lásìkò òtútù. Òkè ilé á móoru dáadáa, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ á sì tutù bíi yìnyín lábẹ́ ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń sin páìpù omi gbígbóná tàbí wáyà iná sínú ilẹ̀ ibẹ̀, tí wọ́n á wá tẹ́ lámínéètì, pákó ìtẹ́lẹ̀ tó ń há mọ́ra, lé e lórí. Láàárín ilẹ̀ àti lámínéètì ni àtẹ́sábẹ́ wà, èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní ọ́ńdáléè. Bí iṣẹ́ bá ti parí, kò sẹ́ni tó tún máa fojú kàn án. Síbẹ̀ òun ló máa pinnu bóyá ooru tí ẹ̀ ń sanwó rẹ̀ á dé àtẹ́lẹsẹ̀ yín, àti bóyá ojú ìpàdé pákó á ṣì wà ní dídè lẹ́yìn ọdún márùn-ún.

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà ni ìpolówó ara páálí. Ó nípọn, ó rọ̀, ó ń mú kí ilẹ̀ móoru. Òótọ́ ni, àmọ́ ilẹ̀ tí kò ní ooru lábẹ́ ni wọ́n ń bá wí. Ohun tó lè dí òtútù tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ yóò dí ooru tó ń bọ̀ láti ibẹ̀ pẹ̀lú. Lórí ilẹ̀ tó ń gbóná, èyí tó fẹ́lẹ́ tó sì ki ni ẹ fẹ́, kì í ṣe èyí tó wú bíi tìmùtìmù.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ooru tí ẹ ní

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà gbé ooru sábẹ́ ilẹ̀, àtẹ́sábẹ́ tó bá ọ̀kan mu sì lè ba òmíràn jẹ́. Èkíní ni páìpù omi gbígbóná tí wọ́n sin sínú kọ́ńkéré nígbà tí wọ́n ń dà á. Èkejì ni wáyà iná tí wọ́n tò sórí kọ́ńkéré àtijọ́, tí wọ́n wá da sìmẹ́ǹtì ìtẹ́jú bò ó. Ọ̀nà kan náà ni ooru àwọn méjèèjì ń gbà: inú ohun líle tó tẹ́jú ló ti ń bọ̀, ó sì ní láti la àtẹ́sábẹ́ kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Ẹ̀kẹta yàtọ̀ pátápátá. Òun ni abala oníná fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n kàn ń tú ká sábẹ́ lámínéètì láì da sìmẹ́ǹtì kankan. Abẹ́ abala oníná yìí ni àtẹ́sábẹ́ ń wà, kì í ṣe orí rẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni pé kó má jẹ́ kí ooru sá lọ sísàlẹ̀. Fóòmù líle mm 6 tí a ó kọ̀ fún àwọn tó kù gan-an ló tọ́ síbẹ̀. Lókè abala náà, ọ̀rá mm 0.2 nìkan ni, lámínéètì ló kàn. Bí ti yín bá jẹ́ ẹ̀kẹta yìí, ìwé tó bá abala náà wá ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ìyókù ọ̀rọ̀ yìí wà fún oníwáyà àti onípáìpù.

Ìbéèrè kan ṣì kù: ṣé fóòmù wà lábẹ́ kọ́ńkéré náà? Ọ̀nà tó bá rọrùn fún ooru ló máa ń gbà. Bí wọ́n bá ti tẹ́ fóòmù líle íǹṣì 2 sábẹ́ kọ́ńkéré kí wọ́n tó dà á, ìyẹn nǹkan bíi R 10 ní ìwọ̀n ìdíwọ́ ooru ti Amẹ́ríkà, ooru kò ní rọ́nà lọ sísàlẹ̀ púpọ̀. Bí kò bá sí fóòmù níbẹ̀, bó ṣe sábà máa ń rí ní ilé àtijọ́, gbogbo ìdíwọ́ tí ẹ bá tún fi kún un lókè ń ti ooru lọ sínú erùpẹ̀ ni. Ẹni tí ilé rẹ̀ rí báyìí kò ní àyè láti fi àtẹ́sábẹ́ tàfàlà rárá.

Ìṣirò ooru

Ìwọ̀n ìdíwọ́ ooru wà lára páálí, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Ní Yúróòpù, m²K/W ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ máa bá tog. Ní Amẹ́ríkà, R ni wọ́n ń lò. 0.1 m²K/W jẹ́ tog 1, ó sì jẹ́ nǹkan bíi R 0.57. Ìwọ̀n tí àwọn tó ń ṣe lámínéètì máa ń gbà fún ilẹ̀ tó ń gbóná ni pé kí àpapọ̀ lámínéètì àti àtẹ́sábẹ́ má ju 0.15 m²K/W lọ. Tog 1.5 nìyẹn, tàbí R 0.85.

Ẹ ka 0.15 yẹn sí owó tó wà lápò. Lámínéètì mm 8 máa ná nǹkan bíi 0.06 sí 0.07 nínú rẹ̀. Èyí tó jẹ́ mm 12 máa ná nǹkan bíi 0.10. Ohun tó ṣẹ́ kù ni ẹ lè fi ṣe àtẹ́sábẹ́: nǹkan bíi 0.08 fún mm 8, 0.05 péré fún mm 12. Ìdí rèé tí lámínéètì tó nípọn jù kì í fi í ṣe ohun amúyangàn lórí ilẹ̀ tó ń gbóná. Mm 8 tó dáa tó.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí nọ́ńbà yìí ń ṣe nínú ilé. Ká ní yàrá wà ní dígírì 20 ti Celsius, tí ojú lámínéètì sì wà ní 25. Ilẹ̀ tó rí bẹ́ẹ̀ ń gbé nǹkan bíi wáàtì 50 jáde lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Kí wáàtì 50 yẹn tó la ìdíwọ́ 0.15 kọjá, ojú kọ́ńkéré gbọ́dọ̀ fi dígírì 7.5 gbóná ju ojú lámínéètì lọ, ìyẹn 32.5. Bí àpapọ̀ ìdíwọ́ bá jẹ́ 0.07, dígírì 3.5 ni ìyàtọ̀, kọ́ńkéré á sì wà ní 28.5. Yàrá kan náà ni, ooru kan náà ló ń dé ọ̀dọ̀ yín. Dígírì mẹ́rin tó wà láàárín wọn ni ẹ̀rọ ìgbómigbóná á máa fi ṣe iṣẹ́ àṣekún ní gbogbo ọjọ́ òtútù, lọ́dọọdún, níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ yẹn bá ṣì wà.

Ọ̀rinrin, agbára àti ariwo

Kọ́ńkéré tó fara kan erùpẹ̀ kì í gbẹ tán láéláé. Ọ̀rinrin ń gòkè nínú rẹ̀, bí ooru bá sì ti ń bọ̀ lábẹ́, ńṣe ni yóò máa yára gòkè sí i. Inú lámínéètì, lábẹ́ àwòrán igi tó wà lójú rẹ̀, jẹ́ ìyẹ̀fun igi tí wọ́n tẹ̀ pọ̀. Bí ọ̀rinrin bá wọ̀ ọ́, etí rẹ̀ á wú, kò sì ní padà sípò mọ́. Nítorí náà, ọ̀rá ìdènà ọ̀rinrin pọn dandan lórí kọ́ńkéré bésìmẹ́ǹtì, ooru wà níbẹ̀ o, kò sí níbẹ̀ o. Ti mm 0.2 ni wọ́n ń lò ní Yúróòpù. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rá mil 6 ni, èyí tó jẹ́ mm 0.15. Bí nọ́ńbà SD, tó ń sọ bí ọ̀rá ṣe ń dí ọ̀rinrin tó, bá wà lára páálí, kó tó 75 ó kéré tán.

Ẹ yẹ ọ̀rinrin wò kí ẹ tó ra ohunkóhun, kí ooru sì ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ní Yúróòpù, sìmẹ́ǹtì tó ní ooru kò gbọdọ̀ ju 1.8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ní ìwọ̀n CM, ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi kábáìdì wọn ọ̀rinrin inú sìmẹ́ǹtì (èyí tí kò ní ooru ń gba 2.0). Ní Amẹ́ríkà, ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ jù lọ ni pọ́n-ùn 3 ọ̀rinrin tó ń jáde lórí ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 1,000 láàárín wákàtí 24. Àyẹ̀wò kan tún wà tí wọ́n ń lu ihò sínú kọ́ńkéré fún, ihò náà á sì jìn tó ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ìnípọn kọ́ńkéré. Ó dájú ju àwọn tó kù lọ, ṣùgbọ́n páìpù wà nínú kọ́ńkéré yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé dríìlì sí i kí ó tó mọ ibi tí páìpù gbà. Bí kò bá sí kámẹ́rà tó ń rí ooru, ẹ tan ooru, ẹ fi omi díẹ̀ nu ilẹ̀ náà káàkiri, kí ẹ sì dúró wò ó. Ibi tó bá kọ́kọ́ gbẹ, ní ìlà gbọọrọ gbọọrọ, orí páìpù nìyẹn.

Ti agbára ló kàn. Lámínéètì ń há mọ́ra pẹ̀lú eyín tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ inú ihò pákó kejì. Bí àtẹ́sábẹ́ bá rọ̀ jù, gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ ojú ìpàdé ni eyín yìí ń tẹ̀ sísàlẹ̀ tó sì ń padà sókè. Lórí ilẹ̀ tó ń gbóná, pákó ti gbẹ, ó ti sún kì díẹ̀, eyín sì ti wà nínú ìfà tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń kán. Ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ bí ìró tó ń dún kẹ́-kẹ́ ní ibi kan náà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹ ó rí àlàfo dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìdọ̀tí ń wọ̀. Nọ́ńbà tí ẹ máa wò ni CS, ìyẹn bí àtẹ́sábẹ́ ṣe lè gba ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tó, tí wọ́n ń kọ ní kPa. Mẹ́wàá ni ó kéré jù. Fún iṣẹ́ tó máa pẹ́, ẹ wá 60 sókè. Bí DL, ìyẹn iye ìgbà tí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ léraléra kó tó bàjẹ́, bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú, 10,000 ni ìpìlẹ̀, 100,000 ni ti ojúlówó.

Ti ariwo kò gùn. Nọ́ńbà IIC tí wọ́n ń kọ gàdàgbà sára páálí jẹ́ fún ariwo tó ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀. Erùpẹ̀ ló wà lábẹ́ bésìmẹ́ǹtì. Ẹ má san owó kankan lé e. Ìró ẹsẹ̀ tó ń dún padà nínú yàrá fúnra rẹ̀ ló kàn yín, àtẹ́sábẹ́ tó wúwo ló sì ń pa á.

Àtẹ́sábẹ́ kankan kò sì lè tẹ́ ilẹ̀ gbágungbàgun. Bí ìyàtọ̀ bá ju íǹṣì 3/16 lọ láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10 (nǹkan bíi mm 5 nínú mítà 3), ẹ da sìmẹ́ǹtì ìtẹ́jú sí i. Ibi tó bá kòtò lábẹ́ lámínéètì, afẹ́fẹ́ ló máa kún ibẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń dí ooru: àlàfo mm 2 fẹ́rẹ̀ẹ́ dí i tó kọ́ọ̀kì (àtẹ́sábẹ́ tí wọ́n fi èèpo igi ṣe) mm 2. Ẹ ó fi ẹsẹ̀ mọ̀ ọ́n, ojú ibẹ̀ á tutù ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ.

Fóòmù lásán, mm 2 sí mm 3

Èyí ni gbogbo èèyàn mọ̀: funfun tàbí aláwọ̀ búlúù, ó fúyẹ́, rọ́ọ̀lù kan sábà máa ń kó ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 100. Òun ló dínwó jù, nǹkan bíi sẹ́ǹtì 20 sí 40 fún ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin kan. Ti mm 3 ń dí ooru tó 0.07 sí 0.08. Lábẹ́ lámínéètì mm 8, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ná gbogbo owó tó wà lápò tán. Lábẹ́ mm 12, ẹ ti jẹ gbèsè. Ti mm 2, tó jẹ́ nǹkan bíi 0.05, ṣì bọ́gbọ́n mu.

Àléébù rẹ̀ gan-an kì í ṣe ooru, agbára ni. Fóòmù olówó pọ́ọ́kú máa ń rún mọ́lẹ̀ ní ibi tí èèyàn ń gbà kọjá jù, àti lábẹ́ ẹsẹ̀ àga àti ìdí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ẹ́ fún un kí ẹ tó rà á. Bó bá fẹ́lẹ́ bíi bébà, tó sì lọ́ra láti padà, bó ṣe máa rí lábẹ́ ẹsẹ̀ yín nìyẹn lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì.

Àwọn kan wà tó ń dán bíi fàdákà lójú kan, tí wọ́n ń sọ pé ojú dídán yẹn ń ta ooru padà sókè. Ojú dídán ń ta ooru padà bí àlàfo afẹ́fẹ́ bá wà níwájú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ lámínéètì, kò sí àlàfo, kò sì sí ohun tó ń ta padà. Ìwúlò tirẹ̀ ni pé ó ń dènà ọ̀rinrin, ìyẹn ni kí ẹ tìtorí ẹ̀ rà á.

Ti oníhò wéwèwé tí wọ́n ṣe ní pàtàkì fún ilẹ̀ gbígbóná dára ju ti lásán lọ, nítorí ooru ń gba inú ihò kọjá. Ṣùgbọ́n ibi tí ooru gbà, ọ̀rinrin náà lè gbà á. Ẹ rí i pé ọ̀rá ti wà lára rẹ̀, tàbí kí ẹ tẹ́ ti yín sábẹ́ rẹ̀.

Fóòmù líle, mm 5 sí mm 6

Wọ́n ń tà á ní pátákó pátákó tàbí ní ìká bíi bébà onípele. Ó lágbára, CS rẹ̀ sábà máa ń kọjá 60, ó sì dára púpọ̀ lórí kọ́ńkéré tútù. Lórí ilẹ̀ tó ń gbóná, ẹ má fọwọ́ kàn án. Mm 5 rẹ̀ nìkan ń dí tó 0.15, owó ti tán kí lámínéètì tó dé. Ẹni tó bá tẹ́ ẹ sórí páìpù ti fi owó ra ooru, ó sì tún fi owó ra ìlẹ̀kùn tó máa tì í mọ́ ìsàlẹ̀.

Fẹ́ẹ̀tì, mm 3

Okùn àkísà àti òwú tí wọ́n tún lò ni wọ́n fi ń ṣe é, ọ̀rá sì sábà máa ń wà lójú rẹ̀ kan. Nǹkan bíi sẹ́ǹtì 40 sí 70. Ó ń pa ìró ẹsẹ̀ dáadáa, ó sì lágbára ju fóòmù lásán lọ, ìdí nìyẹn tó fi gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìdíwọ́ rẹ̀ ń lọ sí nǹkan bíi 0.09, èyí tó fi díẹ̀ kọjá ohun tó ṣẹ́ kù fún lámínéètì mm 8. Ilẹ̀ á gbóná o, àmọ́ ó máa pẹ́ kó tó gbóná, ẹ̀rọ á sì ṣiṣẹ́ jù.

Ohun tó jẹ́ kí n má fọwọ́ sí i fún bésìmẹ́ǹtì ni omi. Bésìmẹ́ǹtì ni omi ń wá nígbà tí páńpù ìfami-jáde bá kú lásìkò òjò ńlá, tàbí tí ẹ̀rọ ìgbómigbóná bá jò. Fẹ́ẹ̀tì ń mu omi. Bó bá ti mu ún, lábẹ́ ọ̀rá àti lámínéètì, kò ní gbẹ. Ooru ìsàlẹ̀ á máa sè é díẹ̀díẹ̀, á bu, òórùn rẹ̀ á sì gba ilé kan.

Kọ́ọ̀kì, mm 2

Èèpo igi ni, Pọ́túgà ló sì ń ṣe é jù láyé. Ó lágbára, kì í rún mọ́lẹ̀ bọ̀rọ̀, kì í sì í rùn bí ó bá gbóná. Ti mm 2 ń dí nǹkan bíi 0.05, pẹ̀lú lámínéètì mm 8, ẹ wà ní 0.11 tàbí 0.12, ibi tó dára. Ti mm 6 tó wọ́pọ̀ ní ilé ìtajà Amẹ́ríkà ń dí tó 0.15, òun àti fóòmù líle ọgbọọgba ni, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ ṣọ́ra o: bí ẹni tó ń tajà bá ní kọ́ọ̀kì dára fún ilẹ̀ gbígbóná, ẹ béèrè pé mm mélòó. Kọ́ọ̀kì kò ní ìdènà ọ̀rinrin lára, ọ̀rá gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Nǹkan bíi sẹ́ǹtì 50 sí dọ́là 1 ni iye rẹ̀.

Pátákó ìyẹ̀fun igi, mm 5 sí mm 7

Ó ń dí ooru, ó ń mu omi, ó ń wú. Kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe ní bésìmẹ́ǹtì.

Àtẹ́sábẹ́ wíwúwo, mm 1.5 sí mm 2

Èyí ni wọ́n dìídì ṣe fún irú ilẹ̀ tí à ń sọ yìí. Rọ́bà oníke tí wọ́n po erùpẹ̀ òkúta mọ́ ni, ó sì wúwo gan-an: rọ́ọ̀lù tó kó mítà onígun mẹ́rin 10 lè ju kílò 15 lọ. Ìwúwo yẹn ló ń jẹ́ kí ooru gba inú rẹ̀ kọjá. Afẹ́fẹ́ inú fóòmù ló ń dí ooru, afẹ́fẹ́ inú èyí kò tó nǹkan. Ìdíwọ́ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 0.01 lọ. Pẹ̀lú lámínéètì mm 8, àpapọ̀ jẹ́ nǹkan bíi 0.07 sí 0.08, ìdajì ohun tí wọ́n gbà láyè. Kódà pẹ̀lú mm 12, ẹ ṣì wà ní 0.11. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rún, eyín lámínéètì sì ń jókòó lé e bí ẹni jókòó lé òkúta. Ìró ẹsẹ̀ á lọ sílẹ̀, pákó kò ní máa dún bí àpótí òfìfo.

Owó ni ọ̀rọ̀ rẹ̀: láti nǹkan bíi sẹ́ǹtì 80 dé dọ́là 1.50, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ti ní ọ̀rá lára, pẹ̀lú etí kan tó yọ síta fún lílẹ̀ mọ́ èkejì. Bí kò bá ní, ẹ tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ rẹ̀. Nítorí pé ó fẹ́lẹ́, kò ní bo àléébù ilẹ̀ kankan mọ́lẹ̀: òkúta wẹ́wẹ́ kan tó kù lórí kọ́ńkéré á ti pákó sókè. Ẹ gbá ilẹ̀, kí ẹ sì tún fi ẹ̀rọ fa eruku ibẹ̀.

Rọ́bà táyà tí wọ́n lọ̀, mm 3, jẹ́ ìbátan rẹ̀. Ìdíwọ́ tirẹ̀ náà kéré, nǹkan bíi 0.02, owó rẹ̀ sì dínkù díẹ̀. Àmọ́ òórùn táyà lè jáde bó bá gbóná nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kò tó. Ẹ gba ẹyọ kékeré kan nílé ìtajà, ẹ gbé e lé ibi tó gbóná fún ọjọ́ méjì, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀ fúnra yín.

Lámínéètì tó ti ní àtẹ́sábẹ́ lára

Bí fóòmù bá ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn pákó láti ilé iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ti tán: ọ̀rá mil 6 nìkan ni ẹ máa tẹ́. Ẹ má fi àtẹ́sábẹ́ mìíràn kún un. Méjì á rọ̀ jù, eyín á kán, ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò sì ní gba ẹ̀sùn yín. Ti ẹ̀yìn pákó sábà máa ń jẹ́ mm 1.5 sí 2, nǹkan bíi 0.04 sí 0.05, ìyẹn kò burú lábẹ́ mm 8. Kí ẹ kàn rí i pé ìwé inú páálí sọ pé ó bá ilẹ̀ gbígbóná mu.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́ nígbà títẹ́

Fún bésìmẹ́ǹtì ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 600 (nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 56), ẹ ra àtẹ́sábẹ́ tó 650, nítorí gígé. Fóòmù olówó pọ́ọ́kú á gba nǹkan bíi dọ́là 130 sí 260, ti wíwúwo nǹkan bíi 520 sí 980. Ọ̀rá mil 6 tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10, tó gùn ní 100, kan ṣoṣo tó, á sì ṣẹ́ kù.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rá gun ara wọn ní cm 20, kí ẹ fi téèpù dì í, kí ó sì gun ògiri ní cm 5, pákó ìdí ògiri á bò ó. Àtẹ́sábẹ́ fúnra rẹ̀ kì í gun ara wọn: etí sí etí ni. Bí ọ̀rá bá ti wà lára àtẹ́sábẹ́, ẹ má tún tẹ́ òmíràn sábẹ́ rẹ̀, omi á há sáàárín méjèèjì.

Kọ́ńkéré tuntun gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 28 kí ẹ tó tan ooru. Ẹ gbé páálí lámínéètì sínú yàrá náà fún wákàtí 48. Lọ́jọ́ iṣẹ́, kí ojú ilẹ̀ wà ní nǹkan bíi dígírì 18. Ẹ fi àlàfo mm 10 sílẹ̀ yí ká gbogbo ògiri àti òpó, ẹ sì fi irin ìpínyà sí ẹnu ọ̀nà tó wà láàárín ibi tó ń gbóná àti ibi tí kò gbóná, àti bí gígùn bá ju mítà 8 lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ máa fi dígírì díẹ̀díẹ̀ gbé e sókè lójoojúmọ́. Ojú lámínéètì kò gbọdọ̀ ju dígírì 27 lọ (81 ti Fahrenheit), nítorí náà tẹmóstáàtì (ohun tó ń ṣàkóso ooru) tó ń wọn ooru inú ilẹ̀ ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tó ń wo afẹ́fẹ́ yàrá nìkan. Kápẹ́ẹ̀tì nínípọn àti kọ́bọ́ọ̀dù tí kò lẹ́sẹ̀ á sé ooru mọ́lẹ̀, ibẹ̀ á gbóná kọjá ààlà láì sẹ́ni tó mọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ìlú òyìnbó, tí ooru ilẹ̀ bá wà ní pípa, ẹ tan ẹ̀rọ afàrinrin, kí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ má ju 60 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tó ní páìpù nínú kọ́ńkéré tí kò ní fóòmù lábẹ́, tàbí tó fẹ́ lo lámínéètì mm 10 sókè, tàbí tí ọmọdé máa ń sáré kiri níbẹ̀ lójoojúmọ́: ti wíwúwo mm 1.5 sí 2, ẹ má wo ẹ̀gbẹ́. Ẹni tí fóòmù wà lábẹ́ kọ́ńkéré rẹ̀, tó ń lo mm 8, tí kò fẹ́ ná tó bẹ́ẹ̀: kọ́ọ̀kì mm 2 lórí ọ̀rá, tàbí fóòmù oníhò tó ní ọ̀rá lára. Ẹni tí owó há mọ́ jù: kó ra lámínéètì mm 8 tó ti ní fóòmù lẹ́yìn, kó fi ọ̀rá mil 6 sábẹ́ rẹ̀. Ìyẹn sàn ju kó ra lámínéètì olówó iyebíye kó wá wá fóòmù mm 3 tó rọ̀ jọ̀bọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń gba ayálégbé sí bésìmẹ́ǹtì rẹ̀, tí kò ní mọ ìgbà tí wọ́n máa da omi sílẹ̀: ti wíwúwo náà ni, kó sì jìnnà sí fẹ́ẹ̀tì. Bí ọ̀rinrin bá sì kọjá ìwọ̀n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí ooru ti ṣiṣẹ́, ẹ má tíì ra ọ̀kankan nínú wọn. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí omi ti ń wọlé.